Iná igbó lé wa jáde nílé lóru: ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ẹ̀bá òkè, ẹ má dúró de fóònù

Ìyá Àrẹ̀mú (Altadena, California) | 14 Oṣù Kìíní 2025

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ ṣeun, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti ń pè láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Gbogbo wa wà láàyè. Ilé ló lọ. Mo fẹ́ ròyìn bó ṣe rí kó tó kúrò lójú mi, torí púpọ̀ nínú wa ló ń gbé ẹ̀bá òkè níbí láìmọ ohun tí a fẹ̀yìn tì.

Fún ẹni tí kò gbọ́: lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 7 oṣù yìí, iná kan kọ́kọ́ sọ ní Pacific Palisades, àdúgbò kan ní Los Angeles lẹ́bàá òkun, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀. Àwa ń wò ó nínú tẹlifíṣọ̀n bí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ nírọ̀lẹ́, òmíràn sọ ní Eaton Canyon, àfonífojì tó wà lókè ọ̀dọ̀ wa. Atẹ́gùn ọjọ́ náà le. Santa Ana ni wọ́n ń pè é. Apá aṣálẹ̀ ló ti ń wá, ó gbẹ bí ọyẹ́, ó sì ń já bọ̀ láti orí òkè bí ẹni tí wọ́n ń lé. Òjò gidi kò tíì rọ̀ láti oṣù karùn-ún ọdún tó kọjá, igbó orí òkè ti gbẹ bí ìṣáná. Atẹ́gùn yìí kan náà ni kò jẹ́ kí àwọn bàálù tó ń da omi lé iná lè gbéra lóru náà.

Ìwọ̀ oòrùn títì Lake Avenue la wà. Ọkọ mi wà níbi iṣẹ́ alẹ́. Èmi ni mo wà nílé pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta (ọdún 11, ọdún 7, àti ìkókó oṣù mẹ́rin) àti ìyá ọkọ mi tó wá bá wa tọ́mọ láti Ìbàdàn. Mọ́mì ti pé ọdún 78, orúnkún sì ń dùn wọ́n.

Ní nǹkan bí aago méje, wọ́n mú iná mànàmáná lọ. À ń wo bí ojú ọ̀run ṣe pọ́n lápá ìlà oòrùn. Fóònù àwọn tó wà lápá ọ̀hún ti ń dún pé kí wọ́n jáde. Tiwa kò dún. Mo pe ọkọ mi, ó ní bó bá kàn wá, wọn á sọ fún wa. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo di báàgì kan sẹ́nu ọ̀nà, mo wá jókòó ti fóònù.

Aago méjìlá ti kọjá nígbà tí Mọ́mì dìde láti lọ tọ̀. Wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, wọ́n ṣílẹ̀kùn wòta. Mo gbọ́ tí wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohùn wọn kò ròkè. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n na àtẹ́lẹwọ́ sí mi. Màjàlà kan ló wà níbẹ̀, ó fẹ̀ tó ewé ọsàn, dúdú, etí rẹ̀ ti funfun. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mo rí ìlà ọ̀rọ̀ lára rẹ̀. Ojú ewé ìwé ni. Wọ́n ní, "Fọwọ́ kàn án." Ó gbóná.

Wọ́n ní: "Èyí kì í ṣe koríko. Ilé èèyàn ló ń jó. Ó gbóná, kò pẹ́ lójú ọ̀run kó tó bọ́ sílẹ̀. Kó àwọn ọmọ rẹ."

Mo ní, "Mọ́mì, fóònù ò tíì…" Wọ́n ní, "Ṣé fóònù ló ń jó ni?"

A jáde ní nǹkan bí aago kan òru. Ilẹ̀kùn gáréèjì kò ṣí nítorí kò síná, bátìrì tó yẹ kó gbé e kò ṣiṣẹ́. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Àrẹ̀mú ló fo dúró lórí ẹ̀yìn mọ́tò, ó fa okùn pupa tó rọ̀ lókè, ó ní bàbá òun ti fi han òun rí. Àwa méjèèjì wá fọwọ́ gbé ilẹ̀kùn náà sókè.

Mo kan ilẹ̀kùn bàbá aládùúgbò wa. Ọ̀kan nínú àwọn aláwọ̀ dúdú tó ra ilé lápá ọ̀dọ̀ wa láyé ọjọ́sí ni wọ́n, nígbà tí wọn kì í fẹ́ tà fún wọn lápá ìlà oòrùn Lake. Bàbá ní àwọn ò lọ síbì kankan, ilé yìí làwọn fi gbogbo ayé àwọn san. Mo bẹ̀ wọ́n, mo bẹ̀ wọ́n. Ọmọ ń ké nínú mọ́tò. Mo fi wọ́n sílẹ̀, mo lọ. Ọmọbìnrin wọn wá gbé wọn kó tó di àárọ̀, Ọlọ́run ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lójú wọn lẹ́nu ọ̀nà náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

A gba Fair Oaks sọ̀kalẹ̀. Igi ti wó dí apá kan títì. Ògúnná ń fò kọjá iwájú mọ́tò bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ bá ń lu irin. Mo tan iná iwájú, mo ti gbogbo fèrèsé. Pasadena Convention Center la sùn, níbi tí wọ́n ti ń gba àwọn tó sá wá. Ìgbà tí mo ń fún ọmọ lọ́mú níbẹ̀, lẹ́yìn aago mẹ́ta òru, ni fóònù mi dún pé kí àwa tí a wà ládùúgbò wa tètè jáde.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ohun tí mo ń sọ. Kò dín ní èèyàn 17 tó kú nínú iná Eaton yìí, apá ìwọ̀ oòrùn Lake, lọ́dọ̀ wa, ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn wà.

---

Ọmọ Ìṣẹ́yìn | 14 Oṣù Kìíní

Ìyá Àrẹ̀mú, ẹ kú ewu. Ẹ kú àjálù. Ọlọ́run á fi dúkìá rọ́pò dúkìá, kò ní fi èèyàn ṣe é.

Mo bá yín fi ọwọ́ ọ̀wọ̀ kí Mọ́mì. Wọ́n dàgbà sí ibi tí iná ti ń jó. Òkè Ògùn ni mo wà, bí ọyẹ́ bá ti dé láti oṣù kejìlá títí dé oṣù kejì, kò sí ọ̀sẹ̀ tí a kì í rí èéfín. Àwọn kan a dáná sungbó kí ọ̀yà àti òkété lè jáde, àwọn kan ń sun ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ dá, atẹ́gùn á gbé e lọ sóko olóko. A ní bí oko bá ń jó, màjàlà a máa ṣòfófó. Àgbẹ̀ a máa kà á bí ẹni ń ka lẹ́tà: bó bá tutù tó sì lẹ́bú, ọ̀nà jíjìn ló ti wá. Bó bá ṣì gbóná, tí pupa ṣì wà létí rẹ̀, ibi tó bá já sí náà lè sọ iná.

Èyí tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ilé Amẹ́ríkà ń jó bí ahéré. Ṣé kì í ṣe bíríkì ni?

---

Bàbá Tọ́mi (Chico, California) | 14 Oṣù Kìíní

Ọmọ Ìṣẹ́yìn, pákó ni púpọ̀ nínú ilé ibí. Wọ́n á fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ìta rẹ̀, ẹ ó rò pé bíríkì ni. Kì í sì í ṣe ọwọ́ iná gan-an ló ń kọ́kọ́ dé ara ilé, ẹyinná ni. Atẹ́gùn a gbé e fò ṣáájú iná ní máìlì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, á wọ ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà lábẹ́ òrùlé, á já sínú ewé gbígbẹ tó kún gọ́tà òrùlé, tàbí orí tìmùtìmù àga tó wà níta. Bí ilé kan bá wá gbiná, òun náà á máa ju ẹyinná sí èkejì. Nígbà yẹn kì í ṣe iná igbó mọ́, iná ìlú ni. Ìyẹn ni Mọ́mì rí nígbà tí wọ́n rí ojú ewé ìwé.

Ìyá Àrẹ̀mú, ẹ kú ewu. Mo wà ní Chico nígbà tí ìlú Paradise jó ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 2018. Iná náà sọ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, kí ó tó tó wákàtí méjì ó ti wọ ìlú. Èèyàn 85 ló kú, àwọn àgbàlagbà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀nà tó sọ̀kalẹ̀ láti ìlú náà kò pọ̀, gbogbo mọ́tò sì bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣọ́ọ̀ṣì wa gba àwọn tó sá wá. Obìnrin kan jókòó sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa láti ọ̀sán di alẹ́, kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ rẹ̀, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ òun.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé California. Oríṣi ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. "Warning" ni ìkìlọ̀: iná lè dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ múra. "Order" ni àṣẹ: ẹ jáde báyìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ọmọ ọwọ́, arúgbó, aláìsàn tàbí ẹran ọ̀sìn nílé, ìgbà ìkìlọ̀ ló yẹ kó ti wà lójú ọ̀nà. Àwọn aláṣẹ fúnra wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ wo nọ́ḿbà àgbègbè yín ní ojú òpó káúńtì yín lónìí, ẹ kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn fìríìjì, torí nọ́ḿbà yẹn ni wọ́n máa pè, wọn kò ní pe orúkọ títì yín.

Bí ìkìlọ̀ kò bá wá ńkọ́, bíi ti Altadena? Ẹ lo ojú yín. Ẹ lo imú yín.

---

Àbẹ̀kẹ́ Alberta | 15 Oṣù Kìíní

Mo ka ọ̀rọ̀ yìí, ara mi bù máṣọ. A wà ní Fort McMurray, ní Kánádà, ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 2016. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ojú ọ̀run mọ́ roro, mo gbé ọmọ lọ sí iléèwé. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, atẹ́gùn yí, iná fo odò, wọ́n ní kí gbogbo ìlú jáde. Èèyàn bí 88,000. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, Highway 63. Àwọn kan lọ sí gúúsù, àwọn kan lọ sí àríwá níbi àgọ́ àwọn òṣìṣẹ́ epo rọ̀bì.

Epo tó wà nínú mọ́tò mi kò tó ìdá mẹ́rin táǹkì. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo yín rántí lórí ọ̀rọ̀ mi nìyẹn. Ìlú tí epo ti ń jáde nílẹ̀, èmi kò ní epo tí n ó fi sá. Iná ń jó lápá ọ̀tún àti òsì títì, ọmọ mi ń fọwọ́ kan gíláàsì, ó ní, "Mọ́mì, gíláàsì ti gbóná." Àwọn tí a kò mọ̀ rí ló gbé kẹ́ẹ̀gì epo wá sẹ́bàá títì, wọ́n ń bu epo fún ẹni tí tirẹ̀ tán, wọn ò gba kọ́bọ̀. Ilé bí 2,400 ló jó, iná kò sì pa ẹnì kan nínú ìlú. Àwọn méjì kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lójú ọ̀nà.

Láti ìgbà náà, bí epo mi bá ti dé ìlàjì, mo ti wà ní ilé epo. Ọkọ mi rò pé ó ti pọ̀ jù. Kò sí nínú mọ́tò lọ́jọ́ náà.

---

Akọni Houston | 15 Oṣù Kìíní

Ẹ kú ewu o, Ìyá Àrẹ̀mú. Ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Mo rí fídíò àwọn tó dúró ti ilé wọn ní Altadena pẹ̀lú rọ́bà omi, ilé wọn sì dúró. Bí gbogbo ọkùnrin bá sá, ta ló máa gba ilé sílẹ̀? Nígbà ọ̀dá 1983, bàbá mi àtàwọn ọkùnrin abúlé wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òǹdó ló fi ewé tútù pa iná tó ń bọ̀ wá jẹ oko kòkó wọn. Obìnrin àtọmọdé lọ, ọkùnrin dúró. Ṣé ìyẹn burú ni?

---

Ọmọ Ìṣẹ́yìn | 15 Oṣù Kìíní

Akọni, kò burú, mo ti fi ewé tútù pa iná rí, ìdí nìyẹn tí mo fi lè dá yín lóhùn. Iná koríko tí èèyàn lè fi ewé pa kò ju orúnkún sí àyà lọ. Bó bá le, èèyàn á fò bọ́ sórí ilẹ̀ tó ti jó lẹ́yìn, á dúró síbẹ̀. Ẹni tó wà láàárín ilé tó ń jó, kò sí ilẹ̀ tó ti jó tó lè fò bọ́ sí. Afẹ́fẹ́ ìdáná wà níbẹ̀, rọ́bà wà níbẹ̀, ọ̀dà wà níbẹ̀. Èéfín yẹn kì í ṣe èéfín ewé.

---

Bàbá Tọ́mi | 15 Oṣù Kìíní

Mo fara mọ́ ọn. Ẹ sì fi kún un pé omi lè tán. Ní Palisades lóru kan náà, omi gbẹ nínú ẹ̀rọ omi àwọn panápaná lápá òkè. Bí àwọn panápaná kò bá rómi, kí ni rọ́bà ọgbà yín máa rí? Àwọn tí fídíò wọn dé ọ̀dọ̀ yín ni àwọn tó yè. Ẹ rántí ìyẹn. Ìdí nìyẹn náà tí wọ́n fi ń sọ fún wa pé kí a má fi omi sílẹ̀ kó máa ṣàn nígbà tí a bá ń jáde, ńṣe ló ń dín agbára omi tí àwọn panápaná fẹ́ lò kù.

Ohun tí ọkùnrin lè fi gba ilé sílẹ̀, oṣù mẹ́ta ṣáájú iná ló yẹ kó ṣe é: kí ó gbá ewé kúrò lórí òrùlé, kí ó gé igi tó fara ti ògiri, kí ó fi àwọ̀n irin wẹ́wẹ́ dí ihò abẹ́ òrùlé.

---

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́ | 16 Oṣù Kìíní

Mo ti ń tọ́jú àwọn tí èéfín ṣe lọ́ṣẹ́ láti ọjọ́ Ọjọ́rú, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ kí n tó sùn.

Ìbòmú aṣọ kò ṣiṣẹ́ sí èéfín, N95 ni kí ẹ ní nílé. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìbòmú kankan sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì lẹ́nu, ó lè dí èémí rẹ̀. Ohun tí ẹ lè ṣe fún ìkókó ni kí ẹ tètè gbé e kúrò níbẹ̀, kí ẹ ti fèrèsé mọ́tò, kí ẹ tẹ bọ́tìnì tó ń mú kí afẹ́fẹ́ inú mọ́tò máa yí ká inú rẹ̀ láìfa tìta wọlé. Ìwọ tí o wà nídìí ọkọ̀, ìbòmú tìrẹ ni kí o kọ́kọ́ wọ̀. Àwọn àgbà ní bí iná bá ń jóni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là ń kọ́kọ́ gbọ̀n. N kò fẹ́ràn òwe yìí rí, ó máa ń dà bí ọ̀rọ̀ onímọtara-ẹni-nìkan létí mi. Lọ́sẹ̀ yìí mo rí ìyá kan tí èéfín fẹ́rẹ̀ẹ́ dá kú nídìí ọkọ̀, ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Òwe náà ti yé mi.

Aṣọ: òwú ni kí ẹ wọ̀, apá gígùn, ṣòkòtò gígùn, bàtà tó bo ẹsẹ̀. Àǹkárá tó jẹ́ òwú gidi dára. Ẹ má wọ aṣọ ọ̀rá tó máa ń dán, ó máa ń yọ́ mọ́ni lára. Fún àwọn àgbà, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, awò ojú, eyín àtọwọ́dá àti ọ̀pá. Ẹ ya fọ́tò ara ike oògùn wọn sínú fóònù, oníkẹ́míìsì lè fi ìyẹn ràn yín lọ́wọ́ níbòmíràn.

---

Àlejò 2025 | 16 Oṣù Kìíní

Ẹ jọ̀wọ́, n kò fẹ́ dárúkọ ìlú mi. Ìwé wa kò tíì pé, èmi àti ìyàwó mi. Ọmọ wa kan, ibí la bí i sí. Bí iná bá dé, ṣé wọn ò ní béèrè ìwé lọ́wọ́ wa níbi tí wọ́n ń kó èèyàn sí? Ìyàwó mi ní òun á kúkú sùn nínú mọ́tò.

---

Ìyá Àrẹ̀mú | 16 Oṣù Kìíní

Àbúrò mi, ẹ sọ fún ìyàwó yín pé mo bẹ̀ ẹ́. Ní Pasadena, ẹnikẹ́ni kò béèrè ìwé kankan lọ́wọ́ wa. Orúkọ, iye ọmọ, ohun tí a nílò, ó parí. Àwọn Red Cross kì í béèrè bóyá èèyàn ní ìwé ìgbé-ìlú kí wọ́n tó gbà á.

Fún owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀, ìyẹn FEMA, ọmọ yín tí ẹ bí síbí ni kí ẹ fi orúkọ rẹ̀ béèrè, òfin gbà á. Bí ọ̀kan nínú ìdílé bá ti jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí, ìdílé lè béèrè nípasẹ̀ rẹ̀. Ní ti iná yìí, dọ́là 770 ni wọ́n kọ́kọ́ fún ìdílé fún oúnjẹ, wàrà ọmọ àti epo. Ẹ bá agbẹjọ́rò tó mọ̀ nípa ìwé ìgbé-ìlú sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, àwọn tó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ wà.

---

Ìyá Àrẹ̀mú | 23 Oṣù Kìíní

Ẹ kú àdúró. A ti padà lọ wo ilé.

Èmi àti bàbá wọn la lọ, a kò mú ọmọ dání. Eérú ilé tó jó kì í ṣe eérú ààrò, òjé wà nínú rẹ̀ àti oríṣiríṣi ohun tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. A wọ N95, ìbọ̀wọ́ àti bàtà tí a sọ nù lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n sì ti ní kí a má mu omi ẹ̀rọ àdúgbò wa, kódà bí a bá sè é.

Ilé ìdáná àti ògiri iwájú nìkan ló ṣẹ́kù. Mo rí odó Mọ́mì, èyí tí wọ́n gbé wá láti Ìbàdàn, ó ti di eérú ní ìrísí odó gan-an. Ó dúró. Mo fi ìka kan kàn án, ó wó.

Ohun tí mo kó jáde: páàsípọ́ọ̀tù, green card, ìwé ìbí àwọn ọmọ, oògùn Mọ́mì, páńpẹ́ẹ̀sì, ṣájà. Ohun tí mo gbàgbé: fọ́tò bàbá ọkọ mi. Ọ̀kan ṣoṣo ni, wọn ò yà á sínú fóònù rí. Ó wà lára ògiri tí mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá nígbà márùn-ún lóru náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde báyìí, ẹ ya fọ́tò gbogbo fọ́tò àtijọ́ tó wà nílé yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí àbúrò yín nílé. Ẹ máa ka ìyókù nígbà tí ẹ bá ṣe tán.

Ọ̀rọ̀ inṣọ́ránsì: onílé ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ilé nìkan ló wà fún, kò kan ẹrù ayálégbé. Tiwa wà lọ́tọ̀, a kò sì rà á. Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ rà á. Ẹ̀yin tí ẹ ní in, ẹ béèrè owó ilé tí ẹ ń sùn báyìí àti oúnjẹ, kí ẹ sì tọ́jú gbogbo rìsíìtì. Kí ẹ fi fóònù ya fídíò yàrá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú dúrọ́ọ̀ ní ṣíṣí kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

---

Ìyá Ibùkún (Inglewood) | 23 Oṣù Kìíní

Ìyá Àrẹ̀mú, èmi àti bàbá Ibùkún ti sọ ọ́. Yàrá méjì wà lókè, kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ wa ti lọ yunifásítì. Ẹ wá. A kò bá yín sọ ọ̀rọ̀ owó títí ẹ ó fi rí ilé. Àkàbà ni ìṣòro kan ṣoṣo fún orúnkún Mọ́mì, bí wọ́n bá fẹ́, wọ́n lè sùn sí yàrá ìsàlẹ̀ tó kọjú sí ọgbà.

---

Ìyá Àrẹ̀mú | 24 Oṣù Kìíní

Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín fún wọn. Ọkọ mi ń sunkún, n kò rí i kí ó sunkún láti ìgbà tí a ti jáde. Ọlọ́run á bá wa san án fún yín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta la máa dé. Mọ́mì ní kí n kí yín, kí n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín púpọ̀, wọ́n ní àwọn á gun àkàbà náà díẹ̀díẹ̀. Wọn ò fẹ́ yàrá ìsàlẹ̀. Wọ́n ń béèrè bóyá fèrèsé kan wà lókè lọ́hùn-ún tí èèyàn ti lè rí òkè.